Ẹja Kékeré àti Edé nínú Omi Ilé Wa

Ní Kambolé, ní Tchamba àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká, kò sí ilé tí kì í tọ́jú omi pamọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, omi kànga máa ń lọ sílẹ̀. Àwọn ìyá àti àwọn ọmọ a máa rin ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó rí omi pọn. Omi tí a fi agbára pọn, a kì í dà á nù. Inú odù, inú àgbá tàbí inú tánkì sìmẹ́ǹtì ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Ẹ wo inú omi tó ti pẹ́ nínú àgbá yín dáadáa. Ṣé ẹ rí àwọn nǹkan kéékèèké tó ń jùrù lọ sókè, lọ sísàlẹ̀? Tanwíjí nìyẹn. Ọmọ ẹ̀fọn ni tanwíjí. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọn á hu ìyẹ́, wọn á fò, wọn á sì wọ yàrá tí ẹ ń sùn.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó kọ́ bí a ṣe ń sin ẹja kékeré àti edé nínú omi tí a gbin ewéko sí. Ẹja yóò máa jẹ tanwíjí. Edé yóò máa gbá ìsàlẹ̀ omi mọ́. Ewéko yóò máa tún omi ṣe. Ẹ ó sì mọ ohun tí ẹja lè ṣe fún wa, àti ohun tí kò lè ṣe.

1. Ẹ̀fọn kò rí bákan náà

Ẹ jẹ́ ká mọ oríṣi mẹ́ta.

Èkínní ni anofẹ́lì. Òun ló ń gbé ibà tí a ń pè ní palu. Òru ló ń jẹ ènìyàn. Tanwíjí rẹ̀ máa ń nà gbalaja lójú omi.

Èkejì ni àèdísì. Ó dúdú, ó sì ní ilà funfun lẹ́sẹ̀. Ọ̀sán ló ń jẹ ènìyàn. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti ibà dengue. Ó fẹ́ràn odù omi, àgbá àti táyà àlòkù. Ní ọdún 2023, dengue jà gan-an ní Burkina Faso, tó bá wa pààlà ní àríwá.

Ẹ̀kẹta ni kúlẹ́sì. Omi ìdọ̀tí ló fẹ́ràn. Tanwíjí ti àèdísì àti ti kúlẹ́sì máa ń dorí kodò nínú omi.

Ẹ má sọ pé a kò lè borí àrùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, wọ́n pín àwọ̀n apẹ̀fọn fún àwọn ọmọdé jákèjádò Tógò, pa pọ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ èéyi. Ní ọdún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán ní Tógò. Ní ọdún 2017, wọ́n jẹ́rìí pé Tógò ti borí jàbùtẹ̀, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Tógò ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ṣe èyí ní apá Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà.

Àwọn àgbà tó mọ ìrora sòbìà ṣì wà láàárín wa. Ẹ bi wọ́n. Wọn yóò sọ fún yín pé aṣọ tí wọ́n fi sẹ́ omi wà lára ohun tó lé e lọ. Ohun tí ènìyàn ń ṣe nídìí odù omi ilé rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

2. Irú ẹja wo?

Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní gọ́pì. Apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní ọdún 1866, wọ́n fi orúkọ ọkùnrin kan sọ ọ́, ìyẹn Robert John Lechmere Guppy, tó fi ẹja náà ránṣẹ́ láti Trinidad. Akọ rẹ̀ kéré, ó sì ní àwọ̀ mèremère. Abo tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Gọ́pì kì í yé ẹyin sínú omi. Ọmọ tó ti lè lúwẹ̀ẹ́ ló ń bí, ní nǹkan bí oṣù kan sí ara wọn.

Gọ́pì ti wà ní Áfíríkà tipẹ́. Ó wà nínú àwọn gọ́tà ìlú Èkó. Ní erékùṣù Comores, ní àwọn ọdún 1980, wọ́n kó o sínú àwọn agbada omi tí àwọn mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Tanwíjí dínkù gan-an nínú àwọn agbada náà.

Bí ẹ kò bá rí gọ́pì, ẹ má wá a kiri. Ẹja kéékèèké wà nínú odò wa tó ń lúwẹ̀ẹ́ nítòsí ojú omi, tí ẹnu wọn kọjú sókè. Ìyẹn pàápàá ń jẹ tanwíjí. Ọmọ odò wa ni, kò sì ní ba odò wa jẹ́.

3. Edé ńkọ́?

Edé kéékèèké tó wà lábẹ́ ewé létí odò ni ẹ ó lò. Kì í lé tanwíjí kiri. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jẹ ewé jíjẹrà, àjẹkù oúnjẹ àti èéhù tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Bí ẹ bá rí èèpo edé lófìfo nísàlẹ̀ omi, ẹ má bẹ̀rù. Kò kú. Ó pààrọ̀ èèpo ni, nítorí ó ń dàgbà. Ní ọjọ́ náà, ara rẹ̀ rọ̀, yóò sì máa sá pamọ́ sábẹ́ ewé.

Edé ńlá inú odò ní iṣẹ́ mìíràn. Ó ń jẹ ìṣáwùrú. Àwọn ìṣáwùrú kan ló sì ń gbé àrùn bilharziose, tó ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ní Senegal, wọ́n kọ́ dáámù Diama sí odò ní ọdún 1986. Omi iyọ̀ kò gòkè wá mọ́, ibẹ̀ wá rọrùn fún ìṣáwùrú. Edé ńlá náà gbọ́dọ̀ dé ibi tí omi odò ti ń bá omi òkun pàdé kí ọmọ rẹ̀ tó lè yè. Dáámù dí i lọ́nà. Edé lọ, ìṣáwùrú pọ̀, bilharziose gbòde. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ kó edé padà sínú omi abúlé kan tí à ń pè ní Lampsar. Ní ọdún 2015, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: ìṣáwùrú dínkù níbẹ̀, àrùn náà sì dínkù lára àwọn ará abúlé.

Edé ńlá yìí kò lè bímọ nínú ìgò. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú odò.

4. Ohun tí ẹ ó lò

- Ìgò ńlá tàbí ike tó mọ́ gaara, tó lè gba lítà 20. Odù amọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí inú rẹ̀ dáadáa.
- Iyanrìn odò.
- Ewéko omi: òṣíbàtà kékeré, ojú oró díẹ̀, tàbí ewéko tó ń hù lábẹ́ omi.
- Ẹja kékeré 5: akọ 2, abo 3.
- Edé kékeré 10.
- Asẹ́ tàbí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ẹ má ṣe lo ike tí wọ́n ti bu oògùn òwú tàbí oògùn apakòkòrò sí rí, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Oògùn náà yóò pa ẹja. Edé ni yóò kọ́kọ́ kú. Irú ike bẹ́ẹ̀ kò dára fún omi ènìyàn pẹ̀lú.

5. Bí ẹ ó ṣe ṣe é

1. Ẹ fọ iyanrìn títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ dà á sísàlẹ̀ ìgò, kó ga tó ìka mẹ́ta.

2. Ẹ gbé ìgò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ọ̀sán kò dé. Oòrùn gbígbóná máa ń se ẹja lóòyẹ̀.

3. Ẹ rọ omi sí i. Omi kànga àti omi òjò dára. Omi ẹ̀rọ, irú ti Sokodé, ní oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú. Ẹ bu ú sínú ohun tó fẹjú, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó lò ó. Bí ó bá jẹ́ omi odò, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Kòkòrò bilharziose tó bá wà nínú rẹ̀ yóò ti kú.

4. Ẹ fọ ewéko dáadáa. Ẹ yẹ abẹ́ ewé wò. Ẹyin ìṣáwùrú máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí ọ̀dà tó ń yọ̀. Ẹ fi ọwọ́ họ ọ́ kúrò. Ẹ fọ gbòǹgbò ojú oró pẹ̀lú, nítorí irú ẹ̀fọn kan wà tí tanwíjí rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò náà, tó sì ń mí láti ibẹ̀. Ẹja kì í tètè rí i.

5. Ẹ gbin ewéko sínú iyanrìn. Ẹ jẹ́ kí ojú oró léfòó, ṣùgbọ́n kó má ṣe bo ju ìdajì ojú omi lọ.

6. Ẹ ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó kó ẹja sí i. Ní àkókò yìí, àwọn kòkòrò àìrí tó ṣe ànfààní yóò máa pọ̀ lára iyanrìn àti ewé. Àwọn ni yóò máa sọ ìgbẹ́ ẹja di oúnjẹ fún ewéko. Ẹni tó bá kánjú, ẹja rẹ̀ yóò kú. Lákòókò yìí, ẹ fi aṣọ bo ẹnu ìgò kí ẹ̀fọn má bàa yé ẹyin sí i.

7. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹja sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kó edé sí i. Ẹja ńlá máa ń jẹ ọmọ ẹja àti ọmọ edé. Ewéko tó pọ̀ ni ibi ìsápamọ́ wọn.

6. Ìtọ́jú

Ẹ fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Tanwíjí ni oúnjẹ tó dára jù. Bí kò bá sí, ẹ fún wọn ní ìyẹ̀fun àgbàdo tí ìka méjì lè ṣà. Ohun tí wọn kò bá jẹ tán kíákíá ti pọ̀ jù. Yóò jẹrà, omi yóò sì máa rùn.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bu lítà 4 kúrò, kí ẹ fi omi tuntun tí ẹ ti tọ́jú dípò rẹ̀. Ẹ má da omi àtijọ́ náà nù. Ẹ fi bomi rin ẹ̀fọ́, ilá tàbí tòmátì. Ajílẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Bí ẹja bá ń gba afẹ́fẹ́ lójú omi ṣáá, omi ti bàjẹ́ tàbí ẹja ti pọ̀ jù. Ẹ pààrọ̀ omi díẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì dín oúnjẹ kù.

Bí àwọn ẹja bá ti bímọ, ẹ kó díẹ̀ sínú àgbá omi ìfọṣọ, omi ẹran ọ̀sìn tàbí tánkì omi ọgbà. Iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀.

7. Ẹ dán an wò

Ẹ ka tanwíjí 20 sínú ìgò ẹja. Ẹ ka 20 mìíràn sínú ìgò tí kò ní ẹja, kí ẹ fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ so ó pinpin. Ẹ kọ iye tó kù nínú ìgò méjèèjì sínú ìwé yín lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn ọjọ́ kan, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ pe àwọn ọmọ àti àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá wò ó. Ohun tí wọ́n bá rí lábẹ́ aṣọ náà yóò yé wọn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ pa àwọn ẹ̀fọn náà kí ẹ tó ṣí ìgò.

8. Ìkìlọ̀ mẹ́rin

Èkínní: ẹ má da gọ́pì sínú odò. Odò tó ń lọ bá odò Mono kì í ṣe àgbá ilé ẹnì kan. Abo gọ́pì kan ṣoṣo lè bí ọmọ léraléra láìrí akọ mọ́, nítorí ó ń tọ́jú àtọ̀ akọ sínú. Wọn yóò pọ̀, wọn yóò sì máa bá ẹja wa du oúnjẹ.

Èkejì: ẹ má kó ẹja sínú omi mímu. Ìgbẹ́ ẹja wà nínú omi náà. Omi mímu gbọ́dọ̀ ní ìdérí, kí ẹ sì sè é tàbí kí ẹ fi oògùn sí i.

Ẹ̀kẹta: ẹ má fọ àwọ̀n apẹ̀fọn sínú odò tàbí sítòsí ìgò ẹja, ẹ má sì fi í pẹja. Oògùn ara rẹ̀ ń pa ẹja àti edé. Inú ọpọ́n ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́, kí ẹ da omi rẹ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí omi.

Ẹ̀kẹrin: bí ẹ bá lọ kó edé tàbí ewéko, ẹ wọ bàtà rọ́bà gíga. Ẹ má wọ odò lọ́sàn-án gangan, nítorí ìgbà náà ni kòkòrò bilharziose ń jáde jù lára ìṣáwùrú. Bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má sọ pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn praziquantel ń pa kòkòrò náà.

9. Ohun tí ẹja kò lè ṣe

Lẹ́yìn òjò, anofẹ́lì ń yé ẹyin sínú omi tó dúró ní ojú ẹsẹ̀ màlúù, nínú kòtò tí a ti gbẹ́ amọ̀, àti ní ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti gbẹ́. Ẹja kò lè gbé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní ìgò ẹja ṣì gbọ́dọ̀ sùn sábẹ́ àwọ̀n lálaalẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dí kòtò, kó da omi inú táyà àti agolo nù, kó sì fọ ara odù omi pẹ̀lú kànrìnkàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná, kó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì kó tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò palu.

Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Àwọ̀n jẹ́ ọwọ́ kan, ìmọ́tótó jẹ́ ọwọ́ kan. Ẹja kékeré inú àgbá yín náà ń bá yín gbé e.

Ìbéèrè

1. Kí ni tanwíjí? Níbo ni ẹ ti rí i nínú ilé yín?
2. Kí nìdí tí a fi ń dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó kó ẹja sínú ìgò?
3. Kí ni iṣẹ́ edé kékeré? Kí ni iṣẹ́ edé ńlá?
4. Ẹ ń bu lítà 4 kúrò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lítà mélòó ni ẹ ó ní fún ọgbà yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin?
5. Abo ẹja kan bí ọmọ 20. Ẹja ńlá jẹ 12. Mélòó ló kù? Kí ni ẹ lè ṣe kí èyí tó kù lè pọ̀ sí i?
6. Ẹ kọ orúkọ ohun mẹ́ta nínú àgbàlá yín tí omi lè dúró sí. Ta ni yóò máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀?