Raigad: Odi Orí Òkè ti Àwọn Maratha



Àwọn baba wa a máa wí pé, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Mo fẹ́ fi ìtàn odi kan ní ilẹ̀ Íńdíà yẹ òwe yìí wò. Raigad ni orúkọ odi náà. Nígbà kan rí, òun ni olú-ìlú ìjọba àwọn Maratha. Lónìí, ó ti di ahoro. Àpáta tí a kọ́ ọ lé kò yẹ̀ títí di òní olónìí. Síbẹ̀ odi náà ṣubú, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ni ó fà á?

Ibi tí odi náà wà

Ní apá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, ọ̀wọ́ àwọn òkè kan wà tí ó na gbọọrọ láti àríwá lọ sí gúúsù. Sahyadri ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Láàárín àwọn òkè náà àti òkun ni ilẹ̀ tóóró kan wà tí à ń pè ní Konkan. Níhìn-ín ni Raigad dá dúró sí, kò jìnnà sí ìlú Mahad, orí rẹ̀ sì fi nǹkan bí 2,700 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ.

Ẹnu yóò ya ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i, nítorí orí òkè náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí ògiri. Ìdí rẹ̀ nìyí: ní nǹkan bí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àpáta yíyọ́ tú jáde láti inú ilẹ̀, ó sì ṣàn bo gbogbo agbègbè náà léraléra. Bí ọ̀kan ti tutù tán ni òmíràn ń ṣàn lé e lórí, títí wọ́n fi di ìpele-ìpele. Òjò àti odò wá ń gé wọn; èyí tí ó rọ̀ bá omi lọ, èyí tí ó le sì dúró. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án ni afẹ́fẹ́ òkun ń gbé e wá, kì í sì í dá bọ̀rọ̀. Nípa báyìí, òkè náà ti jẹ́ odi kí ènìyàn tó gbé òkúta kan lé òmíràn níbẹ̀. Ibi tí ó bá lanu nìkan ni ó kù fún wọn láti dí.

Bí ó ti di olú-ìlú

Rairi ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Ní ọdún 1656 ni Shivaji, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ìjòyè Maratha kan, gbà á lọ́wọ́ ìdílé More, àwọn olórí Javali. Ní àkókò náà, àwọn ọba Mughal àti ọba Bijapur ní ọmọ ogun púpọ̀, pẹ̀lú ẹṣin àti àgbá. Shivaji kò ní ogun tí ó lè pàdé tiwọn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó fi òkè ṣe ibi ààbò. Àwọn ènìyàn rẹ̀ a sọ̀ kalẹ̀ lójijì, wọn a kọlu ọ̀tá, wọn a sì padà sínú odi.

Hiroji Indulkar ni ó ṣe olórí iṣẹ́ ìkọ́lé náà. Wọ́n kọ́ ààfin, gbọ̀ngàn ìtẹ́, ọjà àti tẹ́ńpìlì Jagadishwar. Wọ́n fi ẹnu ọ̀nà ńlá pamọ́ sí àárín ilé ìṣọ́ méjì, kí ọ̀tá má baà lè sáré wọlé tààrà. Wọ́n gbẹ́ adágún omi Ganga Sagar pẹ̀lú, nítorí odi tí kò ní omi, òùngbẹ ni yóò ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1674, wọ́n fi Shivaji jẹ ọba lórí òkè yìí. Henry Oxenden, aṣojú ilé-iṣẹ́ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ní Bombay, wà níbẹ̀. Jijabai, ìyá ọba, rí ọjọ́ ńlá náà, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé ó ti kú ní abúlé Pachad ní ẹsẹ̀ òkè. Shivaji fúnra rẹ̀ kú sínú odi náà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1680.

Hirakani

Àwọn ará ibẹ̀ ń pa ìtàn kan tí wọn kì í gbàgbé. Hirakani jẹ́ obìnrin tí ń gbé wàrà gòkè wá tà. Ní ọjọ́ kan ilẹ̀ ṣú bá a, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn odi. Ó bẹ àwọn oníbodè, wọn kò gbà; bẹ́ẹ̀ ni ó sì fi ọmọ ọwọ́ sílé nísàlẹ̀. Ni ó bá gba etí àpáta sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn, ó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Shivaji gbọ́, ó ta obìnrin náà lọ́rẹ, ó sì mọ ilé ìṣọ́ sí ibẹ̀ gan-an. Ilé ìṣọ́ Hirakani ni wọ́n ń pè é di òní. Ìfẹ́ ìyá ni ó fi hàn pé ògiri náà lanu, ọba sì dí i.

Bí odi náà ti ṣubú

Ní ọdún 1689, Aurangzeb, ọba Mughal, mú Sambhaji ọmọ Shivaji, ó sì pa á. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dó ti Raigad, wọ́n sì gbà á ní ọdún kan náà. Wọ́n kó Yesubai, opó Sambhaji, àti Shahu ọmọ rẹ̀ nígbèkùn. Gẹ́gẹ́ bí àwọn Maratha ti ń ròyìn rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà nínú odi ni ó dalẹ̀. Ẹnu tí ògiri là lọ́tẹ̀ yìí kò sí lára òkúta; inú ọkàn ènìyàn ni ó wà.

Ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e, odi náà padà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Maratha. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1818 àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti gba Poona lọ́wọ́ Peshwa ṣáájú, gbé àgbá lọ sí òkè kejì, wọ́n sì yìn ín lu odi náà. Iná jó ààfin. Ní oṣù karùn-ún àwọn ará inú odi túúbá. Gíga òkè, tí ó ti dáàbò bo àwọn baba wọn, kò ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́, nítorí ohun ìjà ti yí padà, odi kò sì yí padà.

Lónìí, igi ilé ti jóná tán, ìpìlẹ̀ òkúta ni ó kù, pẹ̀lú ibi ìtẹ́, ilé ìtajà lọ́wọ̀ọ̀wọ́ àti ibojì Shivaji. Àwọn àlejò ń fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn, tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ tí okùn irin ń fà gòkè. Ní ọdún 2025, àjọ UNESCO ka Raigad àti odi Maratha 11 mìíràn mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Ẹ̀kọ́ wa

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa yóò bá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fi amọ̀ mọ òkè náà. Kí wọ́n fúnra wọn wá ibi tí ẹnu ọ̀nà yóò wà, ibi tí omi òjò yóò dúró sí, àti òkè kejì tí ọ̀tá lè gùn. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó pa ìtàn.

Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí a rántí pé a kì í mọ odi lẹ́ẹ̀kan kí a sì sùn. Olùkọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí tán, tí kò ṣí ìwé mọ́, ó jókòó sórí Raigad ní ọdún 1818: òkè rẹ̀ ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayé ti gbé àgbá gun òkè kejì. Kí olúkúlùkù máa yí odi tirẹ̀ ká lójoojúmọ́, kí ó máa wo ibi tí ó lanu.