Kóró Akóṣẹ́jọ àti Kóró Apínṣẹ́

Nínú ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, apá kan wà ní àárín gbùngbùn tí ó ń pín àkókò iṣẹ́ àti ààyè ìrántí fún àwọn ètò yòókù. Gẹ̀ẹ́sì fi kóró inú èso ṣe àpèjúwe rẹ̀. Kóró ni àwa náà yóò pè é. Báwo ni a ó ti ya oríṣi rẹ̀ méjì sọ́tọ̀?

Nínú oríṣi kìíní, irú èyí tí Linux (1991) jẹ́, ìtọ́jú fáìlì wà nínú kóró. Àṣìṣe kan níbẹ̀ lè dá gbogbo ẹ̀rọ dúró. Nínú oríṣi kejì, irú èyí tí Minix (1987) jẹ́, ìtọ́jú fáìlì wà lóde kóró, iṣẹ́ sì ń lọ nípa ìránṣẹ́ síra ẹni. Ìránṣẹ́ yìí a máa gba àkókò. Lórí èyí ni Tanenbaum àti Torvalds ṣe jiyàn ní oṣù kìíní ọdún 1992.

Bí a bá túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ní tààrà, 'kóró kékeré' ni oríṣi kejì yóò máa jẹ́. Orúkọ yìí kò tọ́. Mach, tí a bẹ̀rẹ̀ ní Carnegie Mellon ní 1985, kò kéré. Ó tóbi ju L4 tí Liedtke ṣe ní 1993 lọ fíìfíì, síbẹ̀ oríṣi kan náà ni a kà wọ́n sí. Pínpín iṣẹ́ ni ìyàtọ̀, kì í ṣe ìtóbi.

Nítorí náà, a dábàá kóró akóṣẹ́jọ fún ti ìṣáájú, àti kóró apínṣẹ́ fún ìkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ 'apínṣẹ́' yóò béèrè pé: ta ni a pín in fún? Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.