Iṣẹ́ Àbọ̀ṣe: Wíwá Iṣẹ́ Owó Tí Kò Bá Oko Jà

Nígbà tí a ṣe ogójì ọjọ́ bàbá mi tán, ẹ̀gbọ́n mi pè mí sí abẹ́ igi ọsàn tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ní àwọn kan ti wá wo ilẹ̀ oko wa, wọ́n fẹ́ rà á, ó sì dà bí ẹni pé kí a tà á. Mo ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á. Èmi yóò máa gbé ibẹ̀, n ó sì máa ro ó." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O káre. Ṣùgbọ́n kí ni ìwọ àti ìyàwó rẹ yóò máa jẹ kí iṣu tó ta? Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ńkọ́?" N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ó fún mi ní ọdún mẹ́ta pé kí n lọ wá èsì rẹ̀ wá.

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Mo mọ̀ pé ó kan ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ilẹ̀ bàbá yín wà nílé tí koríko ń hù lórí rẹ̀. N kò wá wàásù fún ẹnikẹ́ni pé kí ó padà sí oko. Ohun tí mò ń bi ara mi ni pé: bí ènìyàn bá ti pinnu pé oko ni òun yóò máa gbé, tí òun yóò sì máa jẹ nínú ohun tí òun gbìn, irú iṣẹ́ owó wo ni ó lè ṣe tí oko náà kò fi ní bàjẹ́? Nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí, inú èdè ni mo kọ́kọ́ yà sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn baba wa ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àbọ̀ṣe ni. Ọ̀nà méjì ni mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń gbà tú u. Àwọn kan ní àbọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni àbọ̀ tí a fi ń pe ìdajì nǹkan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí a kò fi gbogbo ara ṣe ni àbọ̀ṣe. Àwọn mìíràn ní bọ̀ tí ó túmọ̀ sí pé kí ènìyàn padà wá sílé ni, ìyẹn ni à + bọ̀ + ṣe: ohun tí a ti oko bọ̀ kí a tó ṣe. Ohùn kò lè bá wa dá ẹjọ́ náà, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni ó wà lórí àbọ̀ ìdajì, òun náà ni ó sì wà lórí àbọ̀ ìrìn-àjò. Ẹ̀yìn ìtumọ̀ kejì ni èmi wà. Ìdí mi ni pé àwọn tí a ń pe iṣẹ́ wọn ní àbọ̀ṣe kì í ṣe é ní ìdajì rárá. Oníṣègùn tí ó ti oko dé kì í po àgúnmu ní ìlàjì. Àkókò iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí, kì í ṣe bí a ti ṣe é tó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rí tí ó lágbára ju tèmi lọ, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ sínú ìwé yìí lọ́dún tí ń bọ̀.

Bí a bá gba ìtumọ̀ yìí, a ó rí i pé oko ni ó ń pín àkókò fún gbogbo iṣẹ́ yòókù. Ọdẹ ń ṣe tirẹ̀ lóru, nígbà tí kò sí ẹni tí ń kọ ebè. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àgbẹ̀ tí ó mọ òfì í hun máa ń jókòó tì í, nígbà tí iṣu ti wọ àká, tí ilẹ̀ sì ti le. Àwọn onílù náà mọ̀ pé lẹ́yìn ìkórè ni owó ń wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ìnáwó. Ẹ wo ti àwọn ìyá wa. Òfì tí àwọn ọkùnrin fi ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gba ilẹ̀ gígùn, ìta ni wọ́n sì ń tẹ́ ẹ sí. Ṣùgbọ́n òfì òòró tí àwọn obìnrin fi ń hun kíjìpá, ara ògiri ilé ni ó ń dúró sí. Obìnrin náà lè fi í sílẹ̀ bí ọmọ bá ké, kí ó lọ ro ọbẹ̀, kí ó padà wá bá a bí ó ti fi í sílẹ̀. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ tí ó rọ̀ mọ́ ènìyàn lára fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, òfì obìnrin yìí ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ.

Bàbá mi fúnra rẹ̀, irun ni ó ń fá. Abẹ rẹ̀, òkúta ìpọ́nbẹ àti ọṣẹ dúdú kò ju ohun tí ó gba àpò kékeré kan lọ. Ọjọ́ ọjà nìkan ni ó ń gbé e jáde. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí ó máa fá irun lójoojúmọ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ọjà ọrọọrún ni tiwa. Bí a bá náà án lónìí, ọjọ́ mẹ́rin sí i ni a tún ń náà án, nítorí pé Yorùbá máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀meje ni ọjà wa ń kò láàrin ọjọ́ 28. Ẹ̀ẹ̀meje yìí ni gbogbo orí abúlé ń wá sí ojú kan, tí àwọn kò sì sí lóko. Bàbá mi kò pàdánù oníbàárà kan ní ọjọ́ mọ́kànlélógún yòókù, òun náà sì wà nídìí iṣu rẹ̀.

Ìṣirò kan náà ni ó fi ibi tí iṣẹ́ oṣù ti ń bá oko jà hàn mí. Ọ̀sẹ̀ tí ìjọba àti ilé-ìwé ń lò jẹ́ ọjọ́ méje, ti ọjà wa jẹ́ mẹ́rin. Méje àti mẹ́rin kì í pàdé àfi ní ọjọ́ 28. Ìyẹn ni pé láàrin ọjà méje tí ó wà nínú ọjọ́ 28, ẹyọ kan ni yóò bọ́ sí Sátidé, ẹyọ kan ni yóò bọ́ sí Sọ́ńdè, márùn-ún yòókù yóò bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́. Ẹni tí ó ń gba owó oṣù tí ó sì ń gbin ẹ̀fọ́ tí kò lè pẹ́ nílẹ̀, ta ni yóò bá a tà á ní ọjọ́ márùn-ún wọ̀nyẹn?

Kì í ṣe gbogbo ètò àtijọ́ ni ó dára fún àgbẹ̀ o. Bí a bá ka ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, tàbí iṣẹ́ ìwádìí N. A. Fadipe tí ó parí ní 1939 tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1970, a ó bá ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà pàdé níbẹ̀. Ẹni tí ó yá owó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ san èlé. Òwúrọ̀ ni ó sábà ń lọ sí oko olówó. Ìgbà tí oòrùn bá ti mú ni ó tó lọ sí tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti di ọkọ́ mú rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ojúlówó àkókò oko. Ẹni tí ó bá ta òwúrọ̀ rẹ̀ ti ta oko rẹ̀, ìbáà jẹ́ olówó èlé ni ó tà á fún, ìbáà jẹ́ ọ̀gá ọ́fíìsì.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà gbìyànjú láti yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, kò sì pẹ́ tí àwọn ọmọ tí ó ka ìwé tán pọ̀ jù iṣẹ́ tí ó wà nílùú lọ. Ní nǹkan bí 1960 ni wọ́n dá àwọn abúlé àgbẹ̀ ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní Ìlọrà àti ní àwọn ibòmíràn, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n pín ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà kò dúró. Ìdí rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó jọ mí lójú jù ni pé kòkó kì í so kí ó tó pé ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ọ̀pẹ náà ń fẹ́ sùúrù. Wọ́n fún ọmọ ènìyàn ní ilẹ̀ àti ilé, wọn kò fún un ní àbọ̀ṣe tí yóò máa fi jẹun títí igi yóò fi so. Èrò tèmi nìyẹn.

Èmi náà kò gbọ́n ní ọdún àkọ́kọ́ mi. Mo gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé aládàáni kan tí kò jìnnà sí oko wa. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ títí di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ náà, wọ́n sì tún fi ti Sátidé kún un nígbà tí ìdánwò ń sún mọ́lé. Oṣù Kẹrin ni mo gbin àgbàdo. Àgbàdo kì í gbàgbé bí koríko bá yọ ọ́ lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn gan-an sì ni wọn kò fún mi láyè. Ọjọ́ kan tí n kò lọ nítorí pé mo fẹ́ fi igi ti iṣu, wọ́n yọ owó ọjọ́ náà, wọ́n sì fi ìwé ìkìlọ̀ kún un. Nígbà tí a gba ìsinmi ní ìparí oṣù Keje, n kò mọ ibi tí ebè wà mọ́ nínú oko mi. Ìyàwó mi wò mí, kò sọ nǹkan kan. Owó oṣù tí mo gbà kò tó èyí tí a fi ra iṣu èèbù ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán oríṣiríṣi wò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gba ẹ̀rọ POS. Mo ṣe é fún oṣù mélòó kan. Ó dára fún ẹni tí ó lè jókòó, nítorí pé bí oníbàárà bá bá ọ títì ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò máa lọ. Ìyàwó mi ń ránṣọ; èyí sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún ni ó ń da aránṣọ láàmú. Kérésì ń bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn, kò burú. Iléyá ní tirẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún, nítorí náà ìgbà ń bẹ tí yóò bọ́ sí àárín ìgbà tí à ń ro oko. Obìnrin náà ti mọ̀ ọ́n báyìí: oṣù Iléyá ni ó ń kọ́kọ́ wò kí ó tó mọ iye ebè tí òun yóò dá.

Ohun tí ó bá mi lára mu jù ni èyí tí ẹ̀ka wa yìí gan-an fi lé mi lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn ń wá ẹni tí yóò da ohùn tí a gbà sílẹ̀ kọ, ẹni tí yóò túmọ̀ ìwé ìlera àti ti ọ̀gbìn, ẹni tí yóò fi àmì ohùn sórí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kọ. Ẹ má ṣe rò pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Oṣù mìíràn wà tí n kò rí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n alẹ́ ni mo ń ṣe é. Sólà kékeré kan ń fún kọ̀ǹpútà mi ní iná, bí mo bá sì parí, mo ń gun orí òkúta tí ó wà lẹ́yìn ilé lọ láti fi í ránṣẹ́, nítorí pé orí rẹ̀ nìkan ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń dára. Bí òjò bá rọ̀ sí iṣẹ́ náà, kò hù. Bí n kò bá sì fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì, kò jẹrà.

Mo ti wá mọ ohun tí mo ń bi ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ wá. N kì í kọ́kọ́ bèèrè iye owó mọ́. Mo ń bèèrè bóyá iṣẹ́ tí a ṣe ni yóò kà tàbí wákàtí tí a fi jókòó. Mo sì ń sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé láti ìgbà tí òjò bá dé ní oṣù Kẹta títí di oṣù Karùn-ún, kí ó má retí èsì mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn kan bínú lọ. Àwọn tí ó dúró ti ń bá mi ṣe é bọ̀ ní ọdún méjì. Owó náà kò tó ti olùkọ́ ilé-ìwé yẹn, ká sọ òótọ́, ṣùgbọ́n gaàrì, ẹ̀fọ́, epo àti iṣu kò sí nínú ohun tí a ń rà mọ́, nítorí náà ibi tí owó ń lọ ti dín kù.

Ó ku oṣù márùn-ún kí ọdún mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi dá fún mi pé. Ó wá kí wa nígbà tí iṣu tuntun jáde. Mo fi ìwé ìnáwó mi hàn án: ohun tí a tà, ohun tí a jẹ, owó ìtumọ̀, owó aṣọ rírán, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tí a ti san àti èyí tí ó kù. Ó kà á títí, ó yí ojú ìwé, ó tún padà sí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Àwọn oníbàárà ilẹ̀ yẹn tún pè mí lánàá." Mo ní, "Kí ni ẹ wá sọ fún wọn, Bùọ̀dá mi?" Ó ní òun ní kí wọ́n dúró ná, ó sì bèèrè bóyá iṣu èèbù wa yóò kù tí òun lè fi gbin ìwọ̀nba díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé òun nílùú.