Ọ̀rọ̀-Ìperí Ìdókòwò fún Onípìn-ín Kékeré: Ìpín, Ọkọ̀ Onímànàmáná àti Agbára Owó

1. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀

Bí olùkọ́ kan bá wà ní Abẹ́òkúta tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí owó díẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn sábà máa ń tọ́ka sí fún un lóde òní. Àwọn kan yóò ní kí ó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tí ó wà ní Ewékorò, nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà kò jìnnà sí i, ó sì ti pẹ́. Àwọn kan yóò ní kí ó wá bí yóò ṣe bá àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ tí kì í mu epo bẹntiróòlù dá okòwò pọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ayé dorí kọ. Àwọn mìíràn yóò sì ní kí ó yá ìjọba lówó, tàbí kí ó fi owó sí báńkì, kí ó máa gba èlé. Kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí ó mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a fẹ́ sọ níhìn-ín. Èdè tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ ni ó jẹ wá lógún. Èrò wa ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń lò lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn fún ọ̀rọ̀ ìdókòwò kò fi ẹni tí òfò yóò já lé lórí hàn, wọn kò sì fi ohun tí a ń wọ̀n gan-an hàn. Bí ọ̀rọ̀-ìperí ṣe rí bẹ́ẹ̀, owó ẹni tí ó gbọ́ ọ ni yóò bá a lọ.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1984, ti la ọ̀nà fún wa nínú ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ọ̀rọ̀ owó kò sí lára iṣẹ́ tí ìwé náà dáwọ́ lé. Ìlànà rẹ̀ ni a óò mú lò: kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nínú èdè, kí a tó dá ọ̀rọ̀ tuntun tàbí kí a yá ọ̀rọ̀ lò.

2. Ìpín, èrè àti èlé

Àwọn ará ìlú mọ ṣíà. Àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn ìpín. Ìpín ni a óò mú, ẹni tí ó bá ní in ni a óò sì máa pè ní onípìn-ín. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ ṣọ́ra. Bí Yorùbá bá gbọ́ ìpín, ogún bàbá ni ó kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn, tàbí ohun tí Ẹlẹ́dàá yàn mọ́ ni. Ìpín ogún kì í béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á. Ìpín okòwò yàtọ̀: a fi owó rà á ni, owó náà sì lè run. Nítorí náà, ó dára kí a pè é ní ìpín okòwò nígbà tí a bá kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́, kí a tó gé e kúrú.

Ilé-iṣẹ́ Ewékorò lè ràn wá lọ́wọ́. Ọdún 1959 ni a dá a sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ West African Portland Cement Company. Ní ọdún 1960 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta ẹfun ilẹ̀ Ẹ̀gbá ṣe sìmẹ́ńtì. Ní ọdún 1979 ni ìpín rẹ̀ wọ ọjà, tí ẹnikẹ́ni fi lè rà á. Ní ọdún 2014 ó di Lafarge Africa. Nígbà tí ó di ìparí ọdún 2024, Holcim, tí ó ni ìdá 83.81 nínú 100 ìpín ilé-iṣẹ́ náà, kéde pé òun yóò tà á fún Huaxin ti ilẹ̀ Ṣáínà, títà náà sì parí ní ọdún 2025. Ẹ wo ohun tí èyí kọ́ wa nípa ọ̀rọ̀. Olùkọ́ wa tí ó ní ẹgbẹ̀rún ìpín níbẹ̀ kò ta ohunkóhun, onípìn-ín ni ó ṣì jẹ́. Síbẹ̀ ọ̀gá ti yí padà lórí rẹ̀. Bí a bá wá ń pe gbogbo onípìn-ín ní ‘olówó ilé-iṣẹ́’, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe, a ti fún onípìn-ín kékeré ní agbára tí kò ní. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti lọ sí ìpàdé ọdọọdún, láti dìbò gẹ́gẹ́ bí ìpín rẹ̀ ti pọ̀ tó, àti láti gba tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pín èrè. A dábàá onípìn-ín kékeré àti onípìn-ín àgbà fún ìyàtọ̀ yìí.

Èrè ni ọ̀rọ̀ tí ó dàrú jù lọ. Ohun mẹ́ta ni à ń fi í pè: owó tí ilé-iṣẹ́ jẹ lórí òwò rẹ̀, apá kan owó náà tí a pín fún àwọn onípìn-ín, àti ohun tí iye ìpín fi gòkè lọ́jà. Kí a fi àpẹẹrẹ tí a ṣe fúnra wa sọ ọ́. Ẹnì kan ra ẹgbẹ̀rún ìpín ní ogójì náírà ẹyọ kan. Owó rẹ̀ jẹ́ 40,000 náírà. Ilé-iṣẹ́ pín náírà méjì lórí ìpín kọ̀ọ̀kan: 2,000 náírà. Ìjọba mú ìdá 10 nínú 100 nínú rẹ̀ fún owó-orí, ó ku 1,800. Ní àkókò yẹn kan náà, iye ìpín kan lọ́jà wá sílẹ̀ sí ọgbọ̀n náírà. Ṣé ẹni yìí jèrè ni, àbí ó pàdánù? Pẹ̀lú èrè nìkan a kò lè dáhùn. Èyí ni a fi dábàá pé kí a fi èrè sílẹ̀ fún ti ilé-iṣẹ́, kí a pe 1,800 yẹn ní èrè àpín, kí a sì pe ìgòkè tàbí ìsọ̀kalẹ̀ iye ìpín ní àlékún iye àti àdínkù iye. Ẹni yìí gba èrè àpín. Àdínkù iye tí ó bá a jẹ́ 10,000 náírà. Títí yóò fi ta ìpín náà, àdínkù iye ni; bí ó bá tà á báyìí, ó di òfò.

Èlé yàtọ̀ sí gbogbo èyí, Yorùbá sì ti mọ̀ ọ́n kí a tó bí báńkì. Ẹni tí ó yá ni lówó yóò gba èlé, ì báà jẹ́ pé òwò ẹni tí ó yá owó náà tà, ì báà jẹ́ pé kò tà. Onípìn-ín kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí òwò kò bá tà, kò sí èrè àpín. Àwọn tí ń polówó fún ìlú a máa sọ pé ìpín ‘ń so èlé’. Àṣìpè yìí ni a kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, atọ́ka iye ìpín lọ́jà Èkó ju 66,000 lọ; ní ìparí ọdún 2009, ó ti wá sílẹ̀ sí bí i 20,800. Àwọn kan ti yá owó báńkì láti fi ra ìpín. Àdínkù iye bá ìpín wọn, ṣùgbọ́n èlé orí owó tí wọ́n yá kò dín.

Ẹ̀tàn mìíràn tún wà tí ó fi orúkọ ìdókòwò bora. Irú rẹ̀ ni MMM tí ó dá owó àwọn ènìyàn dúró ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, àti CBEX tí ó dojú dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Kò sí òwò kankan nídìí rẹ̀. Owó àwọn tí ó dé kẹ́yìn ni a fi ń san fún àwọn tí ó ti wà níwájú. Àwa yóò pè é ní òwò fowó-ẹ̀yìn-san-tiwájú. Ó gùn, a gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ti mọ ibi tí yóò parí sí.

3. Pàṣípààrọ̀

Ọ̀pọ̀ ìwé ń pe ibi tí a ti ń ta ìpín ní ‘ilé-iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ ìpín’. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀ ni. Pàṣípààrọ̀ ni kí n fún ọ ní tèmi, kí o fún mi ní tìrẹ, láìsí owó láàárín, bí ẹni fi iṣu gba àgbàdo. Ìpín kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ni a fi ń rà á, alágbàtà tí ó gba ìwé àṣẹ ni ó sì ń bá ni rà á. Ọjà ìpín ti tó. Ọjà yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 1961; Yorùbá tí ó mọ Kútọ̀ àti Ìtòkú mọ̀ pé ọjà a máa gbóná, a sì máa kú.

Ìdí kejì tí a fi fẹ́ gba pàṣípààrọ̀ kúrò lọ́wọ́ ọjà ìpín ni pé iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè é. A ń lò ó fún owó ilẹ̀ òkèèrè. Láti ìgbà tí àwọn ọ̀kadà tí ń lo bátìrì ti dé Kútọnu àti Lomé, ó tún ti bọ́ sí ibòmíràn: ọlọ́kadà kì í dúró de bátìrì kí ó kún, yóò yọ èyí tí ó ti tán fún àwọn tí ó wà níbẹ̀, wọn yóò sì fún un ní èyí tí ó kún. Pàṣípààrọ̀ bátìrì gan-an nìyẹn.

4. Ọkọ̀ onímànàmáná

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Iye epo bẹntiróòlù fò sókè. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bọ́ọ̀sì tí ń lo gáàsì àti ọ̀kadà tí ń lo bátìrì jáde. Àwọn oníròyìn pe èyí ní ‘ọkọ̀ oníná’. Etí Yorùbá kò lè gba ọ̀rọ̀ yìí láìfòyà: bí a bá ní ọkọ̀ gbiná, sísá ni a ń sá. ‘Ọkọ̀ oníbátìrì’ kò sì ṣe é mú, nítorí pé kò sí ọkọ̀ elépo tí kò ní bátìrì. Ọkọ̀ onímànàmáná, láti ara iná mànàmáná, ni a fara mọ́. Ṣáàjì kò nílò àyípadà. Ẹni tí ó ní fóònù ti mọ̀ ọ́n.

Fún onípìn-ín kékeré, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò parí sí orúkọ. Ọkọ̀ tí ó dára àti ìpín tí ó dára kì í ṣe ohun kan náà, èdè wa kò sì gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀. Tesla ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ìpín rẹ̀ wọ ọjà ní ọdún 2010, kó ọkọ̀ bí i 936,000 fún àwọn oníbàárà ní ọdún 2021, ó sì kó bí i 1,310,000 ní ọdún 2022. Òwò gbòòrò. Síbẹ̀ ní ọdún 2022 yẹn, iye ìpín rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní ìdá 65 nínú 100. Ìdí ni pé iye tí a ra ìpín ti ní ìrètí ọjọ́ iwájú nínú. Bí ìrètí bá dín, iye dín, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ń tà. Ìrètí yìí ni a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dárúkọ. A pè é ní iye ìrètí, kí a lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára iye ohun-ìní tí ilé-iṣẹ́ ní lọ́wọ́.

5. Agbára owó

Níbi yìí ni àwọn ògbufọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe tí ó léwu jù. Wọ́n ń lo ọ̀wọ́ngógó. Ọ̀wọ́n ni kí ohun kan má pọ̀ tó, kí ó sì gbówó lórí nítorí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gàrí lè kún ọjà Láfẹ́ńwá títí dé ojú títì, kí ó sì tún gbówó lórí ju ti èṣí lọ, nítorí pé náírà fúnra rẹ̀ ni ó rẹ̀ sílẹ̀. A dábàá ìrẹ̀sílẹ̀ agbára owó.

Lẹ́yìn orúkọ ni ti ìwọ̀n. Ìjọba ka ìrẹ̀sílẹ̀ agbára owó sí ìdá 34.80 nínú 100 fún oṣù Kejìlá ọdún 2024: ohun tí à ń ra 10,000 náírà ní ọdún kan ṣáájú ti di 13,480. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, iye tí a kéde jẹ́ 24.48. Àwọn oníròyìn kan sọ ọ́ báyìí: ‘owó ọjà ti wálẹ̀.’ Irọ́ ni, bí ẹni tí ó sọ ọ́ kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti purọ́. Ọ̀nà ìṣirò ni ìjọba yí padà ní oṣù náà. Ká tilẹ̀ ní kò yí i padà, ìdá tí ó dín kù kò sọ pé gàrí rọjú. Ó sọ pé gàrí ń gòkè, ṣùgbọ́n kò yára tó ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí ń sáré tí ó wá dẹ ẹsẹ̀ kò tí ì padà sẹ́yìn. Gbólóhùn tí a lè lò ni: ‘eré tí owó ọjà ń sá ti dín.’

Ẹ jẹ́ kí á dá olùkọ́ wa padà wá. Bí ó bá fi 10,000 yẹn gba èlé ìdá 20 nínú 100 láàárín ọdún náà, 12,000 ni yóò di. Náírà rẹ̀ pọ̀ sí i. Ohun tí ó lè rà dín. Èrè ojú owó àti èrè agbára owó ni a fi ya méjèèjì sọ́tọ̀.

6. Pàràkòyí

Ẹnì kan nínú àwọn tí a jọ jíròrò béèrè pé kí ló dé tí a kò fi pe àjọ tí ìjọba fi ń ṣọ́ ọjà ìpín ní Pàràkòyí. Ìbéèrè náà dùn mọ́ wa. Ní Ẹ̀gbá, àwọn Pàràkòyí ni olóyè tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ ọjà àti òwò, tí ń parí ìjà oníṣòwò. Iṣẹ́ náà jọra gidigidi. Ohun tí ó dá wa dúró ni pé oyè tí àwọn ènìyàn ṣì ń jẹ ni, ará Èkìtì tàbí ará Ọ̀yọ́ sì lè má mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní Ẹ̀gbá. Fún ìdí yìí, Àjọ Alábòójútó Ọjà Ìpín ni a kọ sílẹ̀ fún ìlò gbogbogbòò. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì ní Abẹ́òkúta, kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Pàràkòyí, kí ó sì wo bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti pẹ́ tó kí wọ́n tó lóye ìyókù.