Ẹ Má Dá Pọ́ǹpù Lẹ́bi Kí Ẹ Tó Wọn Iná

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ ríwáyà, ohun tí mò ń rí ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń dùn mí. Mọ́tò àtijọ́ kan kọ̀, kò ṣíná. Wọn ò gbọ́ ìró pọ́ǹpù epo, kí ẹnikẹ́ni sì tó mú mítà, wọ́n ti ní kí oní-mọ́tò lọ ra pọ́ǹpù tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀. Wọ́n tú àga ẹ̀yìn, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó dún fún ọjọ́ díẹ̀, ó tún dákẹ́. Owó ti lọ, àìsàn ṣì wà nínú wáyà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi láì tíì gbọ́ ti fíúùsì, rílé àti áàtì, irú àgbà bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìṣe mọ́tò tó wà níwájú yín. Honda Accord ọdún 1990 sí 1997, bí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, pọ́ǹpù á kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, á wá dákẹ́ de sítátà. Toyota Camry 1992 sí 1996, Òròbó tí gbogbo wa mọ̀, kì í kùn bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì ni rílé rẹ̀ tó ń jẹ́ kí iná kọjá. Tó bá dákẹ́ nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ìyẹn kì í ṣe àmì àìsàn, ẹ má tìtorí ẹ̀ tú nǹkan kan.

Lára Camry yìí, àpótí kékeré kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí. Ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀, ẹ ó rí orúkọ ihò kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ẹ fi wáyà kúkúrú so FP mọ́ +B, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON. Bí pọ́ǹpù bá dún, ẹ ti dá pọ́ǹpù, wáyà rẹ̀ àti áàtì rẹ̀ láre lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹjọ́ kù sọ́dọ̀ rílé tàbí kọ̀ǹpútà. Mọ́tò tó ń ṣíná nígbà tí ẹ di kọ́kọ́rọ́ mú, tó ń kú bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀, sítátà ló ń gbé rílé rẹ̀ dìde. Kọ̀ǹpútà tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ sítátà ni kò gbà á. Ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ti Accord, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níhà awakọ̀ ni rílé rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá ní mọ́tò kì í ṣíná lẹ́yìn tó bá dúró sóòrùn ọ̀sán, ṣùgbọ́n tó ń ṣíná nírọ̀lẹ́, ẹ tú rílé yẹn. Sódà tó wà nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti là, ooru ló sì ń ya ibi tó là náà. Ẹ yọ́ sódà tuntun sí i. Pọ́ǹpù tí ara rẹ̀ le ni ọ̀pọ̀ ti dànù nítorí ìlà tín-ín-rín yìí.

Níbi mítà ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣìnà jù. Ẹ ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù, ẹ ó ki mítà bọ̀ ọ́, ó fi 12 fóòtì hàn, ẹ ó ní iná ti dé, pọ́ǹpù ló kú. Mítà kò gba iná tó nǹkan. Wáyà tí ìpẹtà jẹ tó ku fọ́nrán kan lè fi 12 hàn án, ṣùgbọ́n bí pọ́ǹpù bá béèrè áńpìà mẹ́rin tàbí márùn-ún, á jábọ́. Gílóòbù iná iwájú, èyí tó jẹ́ 55 wáàtì, ni kí ẹ so mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, nítorí ohun tó ń jẹ súnmọ́ ti pọ́ǹpù. Ẹ so ó kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ (lára Camry, kí FP àti +B wà ní síso), kí ẹnu táǹkì wà ní dídé, kí gílóòbù sì jìnnà sí i. Bó bá mọ́lẹ̀ kedere, ọ̀nà dára. Bó bá ṣókùnkùn, wáyà ló ń ṣàìsàn. Ẹ wá dá pọ́ǹpù padà, kó máa dún, kí ẹ wọn láti orí bátìrì dé wáyà tó ń gbé iná fún un. Bó bá ju ìdajì fóòtì lọ, iná ń ṣòfò lọ́nà. Ẹ wọn áàtì náà bẹ́ẹ̀. Òun la máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òjò tó ń wọ bọ́dì ló ń mú ìdí bóòtù rẹ̀ dípẹtà. Ẹ tú u, ẹ fi sàǹdípépà ha á kó dán.

Fíúùsì tó ń jó léraléra ń sọ̀rọ̀: ẹ má fi èyí tó tóbi jù rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì we wáyà mọ́ ọn. Pọ́ǹpù tó ti gbó ń jẹ iná jù, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á sì yọ́; ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Kí ẹ sọ fún oní-mọ́tò pé epo inú táǹkì ló ń mú pọ́ǹpù tutù, kó má máa wa mọ́tò rìn nígbà tí iná àmì pé epo ń tán bá ti tàn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fa wáyà tààrà láti ibi kọ́kọ́rọ́ lọ sí pọ́ǹpù. Lára iṣẹ́ rílé ni pé bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan tí ẹ́ńjìnnì sì kú, kí pọ́ǹpù kú pẹ̀lú. Wáyà tààrà á máa tú epo sórí irin gbígbóná, nígbà tí èèyàn ṣì wà nínú mọ́tò. Bí ẹ bá fà á láti fi dán nǹkan wò, ẹ yọ ọ́ kí mọ́tò tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù.