Ẹ̀kọ́ Lórí Àwọn Ẹran Tí Ń Jẹ Àpọ̀jẹ, àti Afẹ́fẹ́ Tí Ń Ti Ẹnu Wọn Jáde

Ẹ̀yin olùkàwé wa, àwa tí ń gbé Agége àti Ìkẹjà kì í ṣe àjèjì sí màlúù. Láti ilẹ̀ Òkè Ọya ni a ti ń kó wọn wá sí ọjà àti odò ẹran Oko-Ọba ní Agége; níbẹ̀ ni àwọn alápatà ti ń pa wọ́n, láti ibẹ̀ sì ni ẹran ti ń dé orí àtẹ ní ìgboro Èkó. Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí a kì í fi ojú rí lára ẹran wọ̀nyí, ṣùgbọ́n tí ó ń ná olówó wọn lówó, tí ó sì ń mú ayé móoru. Mítéènì ni orúkọ afẹ́fẹ́ náà.

Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Léfítíkù mọ̀ pé a ya ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ sọ́tọ̀. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ wà nínú wọn; ẹlẹ́dẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nígbà tí màlúù bá jẹ koríko, inú ṣàkì ni ó kọ́kọ́ ń lọ, ṣàkì kan náà tí à ń sè sínú ọbẹ̀. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú kò lè rí kún inú rẹ̀. Àwọn ni ó ń mú koríko líle rà, tí ó fi ń di oúnjẹ fún ẹran. Ṣùgbọ́n bí koríko ti ń rà, afẹ́fẹ́ háídrójìn ń jáde. Díẹ̀ nínú àwọn ohun ẹlẹ́mìí náà a sì pò ó mọ́ afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, a sì di mítéènì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdí ni ó ń gbà jáde; kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ni èyí tí ó pọ̀ jù ń gbà jáde, nígbà tí ẹran bá ń gùfẹ̀. Màlúù ńlá kan lè tú lítà 250 sí 500 jáde lójúmọ́.

Òfò rẹ̀ jẹ́ méjì. Èkíní, nínú agbára oúnjẹ tí màlúù jẹ, ìdá 2 sí 12 nínú 100 ni ó ń bá gùfẹ̀ lọ. Èkejì, láàárín 100 ọdún, tọ́ọ̀nù kan mítéènì a máa mú ayé gbóná tó bí ìlọ́po 28 ti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n ìrètí wà: bí ọdún 12 péré ni mítéènì ń lò lójú òfurufú. Bí a bá dín in kù lónìí, àwọn ọmọ tí ń bẹ ní ilé ẹ̀kọ́ wa yóò fi ojú ara wọn rí èrè rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Oúnjẹ ni àkọ́kọ́. Ní ìgbà ẹ̀rùn, koríko a gbẹ, màlúù a sì rù, a sì sọ ohun tí ó jèrè nígbà òjò nù. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń lò kí ó tó yẹ fún ọjà, ojoojúmọ́ ni ó sì ń gùfẹ̀. Èyí tí a bọ́ dáradára, tí a fún ní omi àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, yóò tètè sanra, gùfẹ̀ rẹ̀ lórí kílò ẹran kọ̀ọ̀kan yóò sì dín kù. Ewé ẹ̀pà, ewé ẹ̀wà àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ wúlò fún èyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni èérí ọkà tí ń ṣẹ́kù ní àwọn ilé iṣẹ́ ọtí bíà, irú èyí tí ó wà ní Ìkẹjà. Ní Ìbàdàn, láàárín 1980 sí 1990, àwọn onímọ̀ ILCA kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti gbin igi agúnmánìyè sí àárín ebè, kí ewé rẹ̀ lè bọ́ ilẹ̀ àti ewúrẹ́. Ní Yúróòpù, wọ́n gba oògùn kan láyè ní 2022 tí ń dín mítéènì màlúù oníwàrà kù tó bí ìdá 30 nínú 100. Ṣùgbọ́n a ní láti máa pò ó mọ́ oúnjẹ lójoojúmọ́, kò sì rọrùn fún ẹran tí ń jẹ̀ kiri.

Èkejì ni ìgbẹ́ àti ohun tí a dà jáde láti inú ṣàkì ní odò ẹran. Bí a bá kó wọn jọ sínú omi ìdọ̀tí, mítéènì yóò tún máa ti inú wọn jáde. Bí a bá sì kó wọn sínú kòtò tí a dé pa, a lè fi ọ̀pá fa afẹ́fẹ́ náà láti fi dáná, kí a sì fi èyí tí ó kù ṣe ajílẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ fún odò ẹran Bódìjà ní Ìbàdàn ni ó gba ẹ̀bùn Seed ní 2005.

Àwa kò wí pé kí ọmọ má jẹ ẹran. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí i: bí ẹran bá tètè ń sanra, tí a sì tún sọ iye wọn di ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ náà kò ní dín kù. Ẹran tí ó mọ níwọ̀n, tí a sì bọ́ yó, ni ó sàn. Ní 2021, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó jùmọ̀ pinnu láti dín mítéènì ayé kù ní ìdá 30 nínú 100, láti iye ti 2020, kí ó tó di òpin 2030. Ní 2024 sì ni ìjọba dá ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀. Ìpinnu kì í bọ́ ẹran. Ọwọ́ ẹni tí ń já ewé àti ẹni tí ń gbá odò ẹran ni yóò mú un ṣẹ.

Ìbéèrè fún àwọn olùkọ́:
1. Kí ni ń ṣẹlẹ̀ sí koríko nínú ṣàkì?
2. Èé ṣe tí màlúù tí ó tètè sanra fi ń tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde lórí kílò ẹran kọ̀ọ̀kan?
3. Oúnjẹ ẹran wo ni a ń sọ nù ní àdúgbò wa?