Kí A Tó Fi Owó Yíyá Kọ́ Ilé fún Ayálégbé

Inú ẹni a máa dùn bí owó ilé bá ń wọlé fún un lọ́jọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó báńkì ni a fẹ́ fi kọ́ ilé náà, ó yẹ kí á mọ ohun tí ń bẹ nínú ìwé àdéhùn kí á tó fọwọ́ sí i. Ilé náà gan-an, tàbí òmíràn tí a ti ní, ni báńkì yóò gbà ṣe ìdógò. Bí a kò bá lè san gbèsè, òfin fún báńkì lágbára láti tà á.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú owó àti èlé. Láyé àtijọ́, èlé ni iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó. Ojú owó kò dín títí a fi san án. Ti báńkì sàn díẹ̀, nítorí pé owó tí a ń san lóṣooṣù ń dín ojú owó kù. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, èlé ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ká ní ẹnì kan yá ₦10,000,000 fún ọdún 10, tí èlé jẹ́ ₦20 lọ́dún lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan nínú gbèsè tí ó bá kù. Yóò máa san nǹkan bí ₦193,000 lóṣooṣù, èyí tí í ṣe ₦2,319,000 lọ́dún. Síbẹ̀, ní òpin ọdún kìíní, nǹkan bí ₦350,000 péré ni yóò dín nínú ojú owó. Nígbà tí ọdún 10 bá fi pé, yóò ti san ₦23,190,000.

Bí ilé náà bá ní fúláàtì 4, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ₦600,000 wá lọ́dún, ₦2,400,000 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ó jọ pé ó tó. Ṣùgbọ́n bí fúláàtì kan bá ṣófo fún ọdún kan, onílé yóò wá ₦519,000 láti ibòmíràn, kí á má tilẹ̀ sọ ti òrùlé tí ń jò. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ ayálégbé ń sanwó, oṣooṣù sì ni báńkì ń gba tirẹ̀. Kí onílé má ṣe ná owó ọdún ní oṣù kan.

Ẹ bi báńkì ní ìbéèrè mẹ́rin yìí: Ǹjẹ́ èlé lè yí padà kí gbèsè tó tán? Owó wo ni a ó tún san fún agbẹjọ́rò àti ìforúkọsílẹ̀? Kí ni a ó bù lé e bí a bá pẹ́ san? Ṣé ìtanràn wà bí a bá tètè san án tán?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ fi ara sin. Lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, a ní láti gba àṣẹ Gómìnà kí á tó fi ilẹ̀ tí ó ní ìwé ẹ̀rí ìjọba ṣe ìdógò. Ilẹ̀ ẹbí kì í sì í ṣe ohun tí ẹnì kan ṣoṣo lè fi dúró láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a yá ìwọ̀n tí fúláàtì 3 lè san. Bí ẹni tí a wí yìí bá yá ₦7,000,000, tí ó sì fi owó àjọ tàbí ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dí ìyókù, nǹkan bí ₦1,623,000 ni yóò máa san lọ́dún. Fúláàtì 3 yóò mú ₦1,800,000 wá. Bí ọ̀kan tilẹ̀ ṣófo, ilé kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.